Àṣírí Oníbàárà Lọ́wọ́ Oníṣòwò

Bí ènìyàn bá dúró ní ìrọ̀lẹ́ ní ẹ̀bá ọgbà Fájuyì ní Adó-Èkìtì, ọgbà tí a fi orúkọ Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì pè, ẹni tí a pa pẹ̀lú àlejò rẹ̀ ní 1966, tí ó sì ra ẹ̀pà tàbí àkàrà lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á ní etí títì, ó lè ṣẹlẹ̀ pé ìwé tí wọ́n fi wé e yóò ní ohun kíkà lára. Nígbà mìíràn ìwé ìdánwò ọmọ ilé-ìwé kan ni, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti máàkì tí ó gbà. Nígbà mìíràn ó jẹ́ fọ́ọ̀mù tí ẹnì kan kọ nígbà tí ó ń wá iṣẹ́: ọjọ́ orí rẹ̀, ilé tí ó ń gbé, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹni tí ó ra àkàrà yóò jẹ àkàrà rẹ̀ tán, yóò nu ọwọ́ sí ìwé náà, yóò sì sọ ọ́ nù. Kò sí ẹni tí ó ní èrò búburú nínú gbogbo wọn. Alákàrà ra ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ìwé àlòkù; ẹni yìí náà rà á lọ́wọ́ akọ̀wé kan tí ó fẹ́ kí àyè gba òun nínú ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé náà kò kọ ọ́ kí a lè fi wé àkàrà.

Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yìí ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ wa lónìí. Òfin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí gùn, abala rẹ̀ ju ọgọ́ta lọ, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá di gbólóhùn náà mú ti di ìdajì òfin náà mú: ohun tí ènìyàn fi lé wa lọ́wọ́ fún iṣẹ́ kan, a kò gbọdọ̀ mú un ṣe iṣẹ́ mìíràn láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ohun tí à ń pè ní àṣírí. Wọ́n ní gbogbo aṣọ kọ́ ni à ń sá lóòrùn. Wọ́n sì ní ilé ẹni ni a ti ń jẹ èkúté onídodo. Alájọ tí ń gba owó kiri ọjà mọ iye tí olúkúlùkù ń dá. Ó mọ ẹni tí ọjà rẹ̀ ń kú lọ. Ó mọ ìyàwó tí ń tọ́jú owó láìjẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gbọ́. Kò sì jẹ́ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá sọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò dá àjọ lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìyà olófòófó nígbà náà kò nílò adájọ́.

Ohun tí ó yí padà ni ibi tí àṣírí ń gbé. Ti alájọ àtijọ́ wà nínú orí rẹ̀ àti nínú ìlà tí ó ń fà sára káàdì. Ọjọ́ tí ó bá kú, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bá a wọ ilẹ̀ lọ. Ti òde òní wà nínú kọ̀ǹpútà. A lè ṣe àdàkọ rẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú kan, kí a fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Èkó, kí a fi èkejì ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, síbẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ wà níbi tí ó wà láìdín kù. Bí olè bá jí ewúrẹ́, okùn ewúrẹ́ yóò wà nílẹ̀, olówó rẹ̀ yóò sì mọ̀ pé olè ti wá. Bí olè bá jí orúkọ ẹni, ọjọ́ ìbí ẹni àti nọ́ńbà ìfowópamọ́ ẹni, kò sí okùn kankan nílẹ̀, títí di ọjọ́ tí wọn yóò ránṣẹ́ pe ènìyàn wá san gbèsè tí kò jẹ.

Ìwífún ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń lò nísinsìnyí fún irú nǹkan báwọ̀nyí. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún dátà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń rà sórí fóònù yín kí ẹ lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni a ti mú un. Ohunkóhun tí a lè fi dá ènìyàn kan mọ̀ yàtọ̀ sí ẹlòmíràn ni ìwífún rẹ̀: orúkọ, àwòrán ojú, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a ń pè ní NIN, nọ́ńbà tí báńkì ń pè ní BVN. Àwọn kan wà nínú wọn tí òfin kà sí ẹlẹgẹ́ ju ìyókù lọ, bí ọ̀rọ̀ àìsàn, ìtẹ̀ka, ẹ̀sìn, ẹ̀yà tí ènìyàn ti wá, àti èrò rẹ̀ lórí ìṣèlú. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí a jí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lè gba nọ́ńbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a ti ń gba ìka mìíràn.

Nísinsìnyí, báwo ni òfin ṣe dé orí ọ̀rọ̀ yìí ní ilẹ̀ wa? Òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ti sọ ní abala 37 pé ilé ọmọ orílẹ̀-èdè, lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ lórí tẹlifóònù àti tẹligíráàmù tí ó bá fi ránṣẹ́, tirẹ̀ nìkan ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tojú bọ̀ ọ́. (Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò rí tẹligíráàmù rí, ó ṣì wà nínú òfin síbẹ̀.) Gbólóhùn kúkúrú ni, kò sì dárúkọ ìwífún. Àwọn adájọ́ ni wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú. Ní 2018, ẹjọ́ agbẹjọ́rò kan dé iwájú Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn. Ó ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ń jẹ́ kí àwọn tí òun kò mọ̀ rí máa da àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó ọjà bo fóònù òun. Ilé-ẹjọ́ sọ pé ẹ̀tọ́ tí ó wà ní abala 37 ni ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ lójú. Ẹ rò ó wò: àtẹ̀jíṣẹ́ tí gbogbo wa ń pa rẹ́ láìkà, ẹnì kan gbé e dé ilé-ẹjọ́, ó sì jàre.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìlànà àkọ́kọ́ jáde. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2019, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń mójútó ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, èyí tí a ń pè ní NITDA, gbé ìlànà kan kalẹ̀ lórí ààbò ìwífún. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n ìlànà àjọ kan kì í ṣe òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ṣe, àwọn kan sì ń fi ojú kékeré wò ó. Ní oṣù kejì 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí i kí a dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà nìkan. Lẹ́yìn náà ni òfin gan-an dé: Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú fọwọ́ sí Òfin Ààbò Ìwífún ti Nàìjíríà ní oṣù kẹfà 2023, ọ́fíìsì náà sì di àjọ pípé tí ó ní agbára láti wádìí, láti pàṣẹ, àti láti bu owó ìtanràn. Dókítà Vincent Ọlátúnjí, tí ó ti ń darí ọ́fíìsì náà láti 2022, ni ó di kọmíṣọ́nà àgbà àkọ́kọ́.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ ronú kàn án. Àwọn ará Benin, aládùúgbò wa, ti ní òfin bẹ́ẹ̀ láti 2009. Ẹgbẹ́ ECOWAS fi ẹnu kò lórí rẹ̀ ní Àbújá ní 2010. Ghana ṣe tiwọn ní 2012. Ṣùgbọ́n òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù karùn-ún 2018 ni ó ta ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jí, nítorí ó sọ pé oníṣòwò tí ó bá ń ta ọjà fún àwọn ará Yúróòpù gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún àṣírí wọn, ìbáà jẹ́ Adó-Èkìtì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí a fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a sọ pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Àjílósùn, kí a sì pè é ní Ìyá Aránṣọ. Ó ní ìwé ńlá kan. Inú ìwé yìí ni ó ń kọ orúkọ oníbàárà sí, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti ìwọ̀n ara rẹ̀: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá. Ó ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn kan pẹ̀lú kí ó lè kí wọn. Nígbà tí aṣọ bá parí, ó ń ya àwòrán oníbàárà nínú aṣọ náà, ó sì ń gbé e sórí WhatsApp kí ayé lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣé òfin ní ohunkóhun í bá obìnrin yìí sọ? Ó ní.

Ohun àkọ́kọ́ tí òfin yóò bi í ni ìdí tí ó fi gba ohun tí ó gbà. Ìwọ̀n ara kò ní wàhálà. A kò lè rán aṣọ láìwọn ènìyàn, ẹni tí ó sì mú aṣọ wá ti gbà kí a wọn òun. Nọ́ńbà fóònù náà dára, kí a lè pè é nígbà tí aṣọ bá parí. Ṣùgbọ́n bí Ìyá Aránṣọ bá ń béèrè nọ́ńbà NIN lọ́wọ́ ẹni tí ó wá rán bùbá, òfin yóò ní kí ni ó fẹ́ fi ṣe. Oníṣòwò kò gbọdọ̀ gbà ju ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ lọ. Mo rò pé àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nìyí láàárín àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa, àti ní àwọn ọ́fíìsì ìjọba pàápàá: fọ́ọ̀mù tí a dà kọ láti ibòmíràn, tí ń béèrè ìjọ tí ènìyàn ń lọ àti abúlé tí ìyá rẹ̀ ti wá, nígbà tí ó jẹ́ pé kòkò ni ó fẹ́ rà.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ni ó le díẹ̀. Oníbàárà gbà kí a rán aṣọ fún òun. Kò gbà kí a fi ojú òun polówó ọjà. Ìyá Aránṣọ gbọ́dọ̀ béèrè. Òfin sì tẹnu mọ́ ọn pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà. Nínú ìwà wa, ọ̀dọ́bìnrin tí àgbàlagbà béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lè máa wolẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kí a sì sọ pé ó ti gbà. Níwájú òfin yìí kò tíì gbà. Bí ó bá sì gbà lónìí tí ó yí ọkàn padà lọ́la, kí Ìyá Aránṣọ yọ àwòrán náà kúrò, kò sì gbọdọ̀ nira láti yí ọkàn padà ju bí ó ti rọrùn láti gbà lọ.

Oníbàárà ní ẹ̀tọ́ mìíràn pẹ̀lú. Ó lè ní kí a fi ohun tí a kọ nípa òun han òun. Bí ó bá rí àṣìṣe níbẹ̀, kí a tún un ṣe. Bí iṣẹ́ bá ti parí tí kò sí ìdí tí ó tọ́ láti tọ́jú orúkọ rẹ̀ mọ́, ó lè ní kí a pa á rẹ́. Ó lè ní òun kò fẹ́ ìpolówó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó dá nìkan pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí kọ̀ǹpútà báńkì bá sọ pé a kò lè yá a lówó, ó lè béèrè pé kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ẹ̀tọ́ tí ó kẹ́yìn yìí ni ó wù mí jù nínú gbogbo wọn, nítorí pé ẹ̀rọ kò ní ojú àánú tí a lè wò.

Ní báyìí a ó yà sí ọ̀rọ̀ gbèsè, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀ràn yìí ti kọ́kọ́ dun àwọn ènìyàn wa dé egungun.

Ní ayé àtijọ́, bí ayánilówó bá rí i pé onígbèsè kò fẹ́ san, a máa lọ bẹ ẹnì kan tí a ń pè ní ológò. Àlùfáà Samuel Johnson kọ nípa irú wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Iṣẹ́ ológò ni láti lọ dógò ti onígbèsè. Yóò wọ ilé lọ, yóò jókòó, yóò máa pariwo, yóò béèrè oúnjẹ, yóò mú adìẹ tí ó bá rí nínú àgbàlá pa jẹ, títí ara yóò fi ni gbogbo ará ilé tí wọn yóò sì wá owó náà san kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwà líle ni, ṣùgbọ́n ó ní ààlà: ilé onígbèsè nìkan ni ológò ń wọ̀.

Ológò ti padà dé, inú fóònù ni ó sì ń gbé. Láàárín ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, oríṣìíríṣìí ayánilówó orí fóònù jáde ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá ń wá owó oúnjẹ tàbí owó ilé-ìwé ọmọ lè rí owó kékeré yá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, láìsí onídùúró, láìsí ohun ìdógò. Ohun ìdógò wà o. A kò kàn fi hàn án ni. Nígbà tí ó ń gbé áàpù náà sórí fóònù rẹ̀, áàpù náà béèrè pé kí ó jẹ́ kí òun rí gbogbo nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ebi kì í jẹ́ kí a ka ìwé gígùn. Ọjọ́ tí ó bá pẹ́ láti san, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò lọ bá àna rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, àlùfáà rẹ̀, àti ẹni tí ó tún táyà ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn: “Olè ni lágbájá, ẹ ṣọ́ra fún un.” Nígbà mìíràn wọn a fi àwòrán rẹ̀ sí i.

Ẹ wo ibi tí òfin ti mú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin kò sọ pé kí a má san gbèsè. Àwọn àgbà tilẹ̀ ní ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san, ó bẹ́gi dínà egbèje. Ohun tí òfin wò ni pé onígbèsè fi ìwífún rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè yá a lówó, kì í ṣe kí a lè dójú tì í. Ó tún wo àwọn tí ó wà nínú fóònù rẹ̀. Àna rẹ̀ kò yá owó. Atáyàṣe kò yá owó. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó fún ayánilówó náà ní àṣẹ láti mú nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi tí ó wà nínú fóònù mi, ọ̀rẹ́ mi ni ó ni ín. Èmi kàn ń bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Bí ẹ bá lóye èyí dáadáa, ẹ ó rí i pé ó ju ọ̀rọ̀ gbèsè lọ.

Ní oṣù kẹjọ 2021, lábẹ́ ìlànà ti 2019, NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà fún ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Soko Lending, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn fi ẹ̀sùn irú ìwà yìí kàn án. Ní oṣù kẹta 2022, àjọ tí ń gbèjà oníbàárà, FCCPC, pẹ̀lú àwọn àjọ ìjọba mìíràn, lọ já wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Èkó, wọ́n sì ní kí àwọn báńkì kan dá owó wọn dúró. Láti ọdún náà ni ayánilówó orí fóònù ti gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FCCPC. Ní 2023, Google pẹ̀lú pàṣẹ pé áàpù ayánilówó tí ó bá wà nínú ọjà òun kò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà àwọn ènìyàn tàbí àwòrán wọn mọ́. Ìwà náà kò tán pátápátá. Ní 2025 FCCPC tún gbé ìlànà tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ kalẹ̀, tí owó ìtanràn rẹ̀ lè tó mílíọ̀nù 100 náírà.

Àwọn ńláńlá náà kò lọ láìfarapa. Ní oṣù kẹjọ 2024, àjọ ààbò ìwífún bu mílíọ̀nù 555.8 náírà fún báńkì Fidelity. Ẹnì kan ni ó mú ẹ̀sùn wá ní 2023 pé a lo ìwífún òun láti bẹ̀rẹ̀ àkáǹtì kan láìgba àṣẹ òun. Báńkì náà ní òun kò rú òfin. Iye owó náà jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún owó tí ó wọlé fún báńkì náà ní 2023, ẹ sì lè ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín kí ẹ lè mọ bí báńkì ti tóbi tó. Ní oṣù keje 2025, àjọ náà bu mílíọ̀nù 766.2 náírà fún MultiChoice, àwọn tí ó ni DStv àti GOtv, ó ní wọ́n tojú bọ àṣírí àwọn oníbàárà wọn àti ti àwọn tí kì í ṣe oníbàárà wọn pàápàá, wọ́n sì kó ìwífún wọn lọ sí òkè òkun lọ́nà tí kò tọ́.

Ti Meta, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tí ó ni Facebook àti WhatsApp, ni ó ya ayé lẹ́nu jù. Ní 2021 WhatsApp yí àdéhùn rẹ̀ padà, ó sì gbé e ka iwájú àwọn ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ kalẹ̀ tí ó ní ẹni tí kò bá fẹ́ kí ó sùn lébi. FCCPC bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ọdún náà. Ìwádìí náà gbà wọ́n ju ọdún mẹ́ta lọ. Ní oṣù keje 2024 wọ́n dá a lẹ́bi, wọ́n sì bu mílíọ̀nù 220 dọ́là fún un. Lára ohun tí wọ́n rí ni pé ilé-iṣẹ́ kan náà yìí ń fún àwọn ará Yúróòpù ní àyè láti yan ohun tí wọ́n fẹ́, ṣùgbọ́n kò fún ọmọ Nàìjíríà ní àyè bẹ́ẹ̀. Meta pe ẹjọ́. Ní oṣù kẹrin 2025, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní owó ìtanràn náà tọ́. Mo fẹ́ kí ẹ ronú sí i dáadáa: ohun tí ó bí àjọ náà nínú kì í ṣe pé a gba ìwífún wa nìkan; wọ́n ní a fi wá sí ipò ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ kéré sí ti ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni ó kàn. Bí oníṣòwò bá gba ìwífún lọ́nà tí ó tọ́, tí ó sì fi í síta kí olè wá gbé e, kò tíì ṣe ohun tí òfin ní kí ó ṣe. Òfin kò sọ irú àgádágodo tí a ó lò. Ó ní kí ààbò bá ìwọ̀n ohun tí a ń ṣọ́ mu. Ilé-ìwòsàn tí ó ní ìwé àwọn aláìsàn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ẹni tí ń ta ìwé ìròyìn lọ. Fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Adó, ohun tí ó yẹ kò wọ́n: kí ọ̀rọ̀ ìwọlé kọ̀ǹpútà má ṣe jẹ́ orúkọ ọmọ àkọ́bí, kí a má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì, kí ọmọ iṣẹ́ tí ó ti lọ má ṣe lè wọ inú rẹ̀ mọ́, kí ìwé tí a kò lò mọ́ di eérú kí ó tó dé ọwọ́ alákàrà, kí àwọn tí ń fi ẹ̀rọ POS sanwó fún ènìyàn má ṣe kọ nọ́ńbà káàdì oníbàárà sínú ìwé tí gbogbo ẹni tí ń kọjá lè ṣí.

Bí ààbò bá sì já, tí ó lè pa àwọn tí ó ni ìwífún lára, oníṣòwò ní wákàtí 72 láti jẹ́ kí àjọ náà mọ̀, láti ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀. Bí ewu náà bá pọ̀, kí ó sọ fún àwọn oníbàárà pẹ̀lú, ní èdè tí ó yé wọn. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ níí fọ́. A kò lè kó ìwífún tí ó ti dà sílẹ̀ padà sínú ìkarahun, ṣùgbọ́n ẹni tí a tètè sọ fún lè yára sáré lọ sí báńkì rẹ̀ kí olè tó dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi kórìíra ìdákẹ́jẹ́ oníṣòwò ju àṣìṣe rẹ̀ lọ. Oníṣòwò ńlá tí ó bá rú òfin lè san mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó wọlé fún un ní ọdún tí ó kọjá, èyí tí ó bá pọ̀ jù. Fún àwọn kékeré, mílíọ̀nù 2 náírà ni a fi rọ́pò mílíọ̀nù 10. Ẹni tí ó bá fara gbá a sì lè lọ sí ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀ láti gba owó gbà-máà-bínú.

Àwọn kan ń kùn pé òfin yìí wúwo jù fún oníṣòwò kékeré. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe asán. Ìlànà tí àjọ náà gbé jáde ní oṣù kejì 2024 sọ pé ẹni tí ó bá ń lo ìwífún àwọn ènìyàn tí ó ju 200 lọ láàárín oṣù mẹ́fà wà lára àwọn tí ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀. Igba ènìyàn kò pọ̀: ilé-ìwé aládàáni kékeré ní Basiri ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, aránṣọ tí ọjà rẹ̀ tà fún ọdún iléyá àti Kérésìmesì lè ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ìforúkọsílẹ̀ ìpele tí ó kéré jù jẹ́ 10,000 náírà, kò pọ̀ jù, ṣùgbọ́n mélòó nínú wọn ni ó gbọ́ nípa rẹ̀? Ìwé òfin náà wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní tèmi, ìjọba kò tíì ṣe tó ní ọ̀nà yìí. Ó yẹ kí a gbọ́ òfin yìí lórí rédíò ní èdè tí Ìyá Aránṣọ ń sọ kí a tó bu owó ìtanràn fún un. Àjọ náà ti gbé ìlànà tí ó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ jáde ní oṣù kẹta 2025, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún náà láti fi ṣàlàyé òfin 2023, ó sì rọ́pò ti 2019. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣòwò yóò níláti kà á, tàbí kí ó wá ẹni tí yóò kà á fún un.

Ẹ̀yin náà kò sí lẹ́yìn òfin. Ọmọdé ni òfin yìí ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí, oníṣòwò tí ó bá sì fẹ́ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwífún ọmọdé gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí eré orí fóònù kan bá bi yín léèrè ọjọ́ ìbí yín, tí ẹ sì fi ọdún mẹ́wàá kún un kí ó lè jẹ́ kí ẹ wọlé, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ yọ ara yín kúrò lábẹ́ agboòrùn tí a nà bò yín. Ẹlòmíràn nínú yín yóò sì di akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, tàbí oníṣòwò ní ọdún díẹ̀ sí i, ìwé orúkọ àwọn ẹlòmíràn yóò sì wà ní ọwọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè lórí àyọkà yìí

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín bí alájọ àtijọ́ ṣe ń tọ́jú àṣírí àti bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú rẹ̀?

2. Ta ni ológò? Ní ọ̀nà wo ni ìwà àwọn ayánilówó orí fóònù kan fi burú ju tirẹ̀ lọ?

3. Òǹkọ̀wé sọ pé nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi tí ó wà nínú fóònù mi, ọ̀rẹ́ mi ni ó ni ín. Ǹjẹ́ o gbà pẹ̀lú rẹ̀? Sọ ìdí rẹ.

4. Ṣàlàyé ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bí a ti lò wọ́n nínú àyọkà: ìwífún, ìyọ̀ǹda, dógò ti, owó ìtanràn, gbà-máà-bínú.

5. Kọ lẹ́tà sí onílé-ìtajà kan ní ìlú rẹ tí ó ti fi àwòrán rẹ polówó ọjà láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ. Fi ọ̀wọ̀ sọ ohun tí ó ṣe, ohun tí òfin wí, àti ohun tí o fẹ́ kí ó ṣe.